Aun Ọba Uppsala, A-fọmọ-ra-ọjọ́

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ jẹ́ ká ki Aun. Ọba tó ti kú tipẹ́ ni, àmọ́ òkìkí irú rẹ̀ kì í tán nílẹ̀.

Aun ọmọ Jörund, ọba ilẹ̀ Swídìn láyé àtijọ́!
Ogun borí rẹ̀, ó di ẹrù.
Halfdan gbé ogun dé láti Dẹ́ńmáàkì, Aun sá lọ sí Västergötland.
Àìsàn pa Halfdan ní Uppsala, Aun padà wá jókòó.
Ali Onígboyà dé, Aun tún di ẹrù, ó tún gba ọ̀nà Västergötland lọ.
Starkad pa Ali, Aun tún padà wá jókòó.
Akíkanjú tó jẹ́ pé ikú ló ń bá a ṣẹ́gun,
tí ẹlòmíì ń bá a yọ idà.

Bí Snorri Sturluson, ará Áísílándì, ṣe kà á nìyẹn nínú Ynglinga saga, ìtàn àwọn ọba àríwá tó kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1230. Ó ní ọlọ́gbọ́n ni Aun, ó sì mọ ẹbọ í rú, ṣùgbọ́n kì í ṣe jagunjagun. Èmi ò bá a jà lórí sísá tó sá. Ọba tí kò lágbára ogun lè sá kí ìlú má bàa parun, kí wọ́n sì kí i pé ó ṣeun. Nítorí ohun tó ṣe nígbà tó padà délé ni mo ṣe ń kì í.

Ẹni 60 ọdún ni nígbà tó ti oko ìsáǹsá àkọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ a máa pe àwọn ọmọ jọ, a fi ààlà ilẹ̀ hàn wọ́n, a sọ ẹni tó jẹ òun ní gbèsè àti ẹni tí òun jẹ. Aun fa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ yọ, ó fi í rúbọ sí Odin, òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, kí ẹ̀mí òun lè gùn. Odin gbà. Ó ní yóò tún lo 60 ọdún sí i. Inú 60 ọdún yìí ni Ali ti lé e kúrò nílùú, inú rẹ̀ náà ló ti padà dé. Nígbà tí ọjọ́ ń tán lọ, ó fi ọmọ kejì rúbọ. Odin wá là á mọ́lẹ̀ fún un: níwọ̀n ìgbà tó bá ń mú ọmọ kan wá ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, kò ní kú. Kí ó sì máa fi iye ọmọ tó ti fi rúbọ sọ agbègbè kan lórúkọ nínú ilẹ̀ rẹ̀.

A-fọmọ-ra-ọjọ́, mo kí ọ!
Ọlọ́jà tí kò fi owó ara rẹ̀ nájà rí.
Baba ẹlòmíì ń gbàdúrà pé kí ọmọ sin òun,
Aun dúró gbọn-in, ó ń sin ọmọ.
Ó sin ọ̀kan, kò sọkún.
Ó sin èkejì, ó ní ó kù.
Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ẹ̀kẹta, ó fi òsì mú ẹ̀kẹrin,
ẹ̀karùn-ún ń ṣeré lágbàlá, baba ń ka ọdún mọ́ ọn lórí.
Ẹkùn tó ń ṣọ́ ilé, tó jẹ́ pé àwọn ará ilé ló ń pa jẹ.
Igi ńlá tó yọ ẹ̀ka, tó tún padà ń jẹ ẹ̀ka.
Olówó orí ọmọ rẹ̀, kú ìnáwó!

Ẹ wá wo ohun tí ọba rà. Nígbà tó fi ọmọ keje rúbọ, ó rí ọdún mẹ́wàá gbà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Orí àga ni wọ́n ń fi gbé e kiri. Ó fi ẹ̀kẹjọ rúbọ, ó tún rí mẹ́wàá gbà, orí ibùsùn ló ti lo gbogbo rẹ̀. Ó fi ẹ̀kẹsàn-án rúbọ, ó tún rí mẹ́wàá gbà, ìwo ni wọ́n fi ń rọ nǹkan mímu sí i lẹ́nu bí ìkókó. Odin kò tàn án jẹ. Ẹ̀mí ló ní òun yóò fún un, ẹ̀mí náà ló sì ń fún un. Aun kò ná ọjà ẹsẹ̀, kò ná ọjà eyín, kò ná ọjà ojú tí yóò fi rí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Tí a bá ṣírò rẹ̀, àgbà yìí súnmọ́ 200 ọdún. Ẹ bá mi wá ọjọ́ kan ṣoṣo nínú 30 ọdún tó gbẹ̀yìn tó gbádùn. Ọmọkùnrin mẹ́ta tó lè gun ẹṣin, tó lè kó ìlú jọ nígbà tí ogun bá dé, ni ó fi ra àga kan, ibùsùn kan àti ìwo kan.

Aun arúgbó ọmọ ọwọ́!
Ọmọ 190 ọdún tó ń mu ìwo,
ẹni tó pa ìkókó rẹ̀ tán, tó wá di ìkókó.
Ta ni yóò pọ̀n ọ́?
Àwọn tí ì bá pọ̀n ọ́ dà?

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé àlọ́ ni. Lóòótọ́, kò sí òpìtàn tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé Aun gbé ayé. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa ìtàn náà mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Thjodolf ará Hvinir, akéwì ilẹ̀ Nọ́wè, ti fi arúgbó onímu-ìwo yìí sínú Ynglingatal, ewì ìran ọba tí Snorri gbára lé. Ewì tó yẹ kó gbé àwọn baba ńlá ọba ga ni, síbẹ̀ akéwì kò bo ìwo náà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe inú ìtàn Aun nìkan la ti gbọ́ nípa ẹbọ ènìyàn ní Uppsala. Ní nǹkan bí ọdún 1075, Adam ará Bremen kọ ọ́ pé ní ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún ńlá níbẹ̀, tí wọ́n ń fi akọ mẹ́sàn-án nínú oríṣiríṣi ẹ̀dá rúbọ, tí wọ́n sì ń so òkú wọn rọ̀ sínú igbó ìrúbọ, ti ènìyàn pẹ̀lú ti ẹranko.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni orúkọ. Snorri dárúkọ Halfdan. Ó dárúkọ Frodi tó bí Halfdan, ó dárúkọ Fridleif àbúrò Halfdan, ó dárúkọ Ali ọmọ Fridleif, ó dárúkọ Starkad tó pa Ali. Ọmọ mẹ́sàn-án tí wọ́n pa ńkọ́? Kò dárúkọ ẹyọ kan. Thjodolf náà kò dárúkọ ẹyọ kan. Baba tó jẹ wọ́n ni wọ́n sọ ikú ìrọ̀rùn lórúkọ rẹ̀: bí arúgbó bá kú láìjẹ̀rora, wọ́n á ní àìsàn Aun ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí n wá ki àwọn tí ìkíni tọ́ sí. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù. Aun, láti orí ibùsùn, ní kí wọ́n mú un wá, kí wọ́n fi Uppsala àti àwọn agbègbè tó yí i ká fún Odin, kí wọ́n máa pè é ní Tiundaland, orúkọ tó ń tọ́ka sí mẹ́wàá. Àwọn ará ìlú ní rárá. Wọ́n kò yọ idà sí i, wọ́n kò lé e kúrò lórí oyè. Wọ́n kàn kò jẹ́ kí ẹbọ náà wáyé ni. Ìyẹn ti tó. Aun kú, wọ́n sì sin ín sí òkìtì ní Uppsala.

Ẹ̀yin ará ìlú tó kọ̀, ẹ ṣeun. Mo sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú yín. Ẹ ti rí àkọ́kọ́. Ẹ rí ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀yin lẹ gbé àga rẹ̀, ẹ̀yin lẹ rọ nǹkan sínú ìwo. Rárá tí ẹ wí ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá ti wà lẹ́nu yín láti ẹ̀ẹ̀kíní.

Egil, ọmọ kan ṣoṣo tó kù yẹn, ló jọba lẹ́yìn Aun. Egil bí Ottar, Ottar bí Adils tó jagun lórí omi dídì adágún Vänern. Ottar àti Adils yìí kan náà wà nínú Beowulf, ewì akọni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Ohthere àti Eadgils. Ká ní ìlú dákẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá ni, kì bá tí sí ọ̀kankan nínú wọn tí akéwì yóò kì.

Òkìtì ńlá mẹ́ta wà ní Gamla Uppsala títí dòní. Wọ́n gbẹ́ ti ìlà-oòrùn ní 1846 àti 1847, wọ́n gbẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn ní 1874. Egungun tó jóná ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti pín òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Aun, Egil àti Adils. Bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ń fi òkìtì Aun hàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n sin ọmọ mẹ́sàn-án sí.