Ẹ̀kọ́ Ni Mo Sanwó Fún, Ẹ̀kọ Ni Mo Ń Tẹ̀

Láràárọ̀ Sátidé, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọmọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ a máa jókòó tì mí, a máa pe orúkọ mi ṣán bíi pé a jọ ṣeré òṣùpá. Ọmọ ọdún 52 ni mí. Tísà kíbọ́ọ̀dù mi ni. Oṣù kẹta rè é, orin kan ṣoṣo ò tíì jáde lọ́wọ́ mi. Sìkéèlì la ṣì ń gùn.

Mo ṣàṣìṣe, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù.

"Sìkéèlì? Àkànní, ṣé ẹja yìnyín lo ti ń tà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Ti orin ni. Èèyàn á máa tẹ ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á tún máa sọ̀ kalẹ̀."

"Tó bá dókè ńkọ́, kí ló ń mú bọ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Eyín 61 ni kíbọ́ọ̀dù mi ní. Mẹ́jọ péré ni wọ́n fún mi nínú wọn, láti C dé C, funfun ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ ọmọdé, àbí? Ìka márùn-ún ló ń bẹ lọ́wọ́ kan, ohùn mẹ́jọ ló ń dúró dè é. Torí náà, bí ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún bá ti tẹ C, D àti E, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ yọ́ gba abẹ́ ìka àárín bọ́ sórí F, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ òde àríyá. Ọwọ́ òsì ní tiẹ̀ á tẹ márààrún tán, á dé G, kí ìka àárín tó fo àtàǹpàkò lọ sórí A. Wọ́n wá ní kí ọ̀tún àti òsì jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ wo ọkùnrin méjì tó jọ ru pákó gígùn kan, tí ẹni iwájú yà sí kọ̀rọ̀ láì sọ fún ti ẹ̀yìn. Èmi ni pákó náà.

"Lọ́fílì," ni tísà máa ń wí bí mo bá ṣì í.

Ohun tó ń dùn mí ni pé do, re, mi kì í ṣe àlejò mi. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, òun ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn: ìsàlẹ̀ ni do, àárín ni re, òkè ni mi. Bàtà, do do. Igbá, re mi. Ẹni tó bá ṣì í, pàṣán kò ní kí i ní lọ́fílì. Ó wọ̀ mí lára débi pé mi ò lè tẹ C, D, E kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ń gòkè, do re mi, "Ẹ̀kọ dé!" ni mò ń gbọ́. Bí mo bá ń sọ̀, mi re do, "Kí lẹ rà?" Ogún ìgbà láàárọ̀ kan: ẹ̀kọ dé, kí lẹ rà, ẹ̀kọ dé, kí lẹ rà. Ebi a sì máa pa mí. Bí mo bá fẹ́ tẹ ẹ̀kọ́ gan-an tí mo ń sanwó fún, àfi kí n fo D bọ́ sórí E, tísà á sì ní mo ti gbàgbé ohùn kan. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní lọ́fílì.

Kì í kúkú ṣe èmi ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó jókòó síwájú dùùrù nílùú yìí. Fẹlá Ṣówándé tẹ dùùrù ní Kingsway Hall. Ní 1958, Fẹlá Ransome-Kuti, tí ilé rò pé iṣẹ́ dókítà ló wá kọ́, gba Trinity College of Music lọ. Fẹlá kọ́ ni wọ́n sọ èmi.

Aládùúgbò ìsàlẹ̀ wa kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ra kíbọ́ọ̀dù, ó ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn: ó dúpẹ́ gan-an fún dídákẹ́ tí mi ò tíì dákẹ́. Mo ra èyí tí wọ́n ń fi bo etí. Láti ìgbà náà, kò-kò-kò ìka mi lórí ike nìkan ni ará ilé ń gbọ́. Ìyàwó mi ní bí adìẹ tó ń ṣa ọkà lórí páànù ló rí. Ká ní Ìbàdàn ni, ìyá ìsàlẹ̀ ì bá ti gba orin náà lẹ́nu mi, ì bá sì ti fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí.

Kérésìmesì tó kọjá, mo lọ sílé. Ìyá mi ti ròyìn mi fún ìjọ. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ kò ní tísà rí. Sípíkà ló ń bá wọn rù tẹ́lẹ̀, ibi tó dúró sí tó ń wo ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbọ́ iṣẹ́. Akọrin ibẹ̀ kì í sọ pé C ni tàbí F. Ibi tí ọ̀fun bá gbé e sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí á fi ìka kan tọ́ ọ wò, á dẹ etí, kí a tó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, ó ti bá wọn níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wá fi tiyín yin Olúwa!"

Mo jókòó. Ìyá kan gbé orin láti ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé rí. Mo tẹ C. Ìjọ yíjú wò mí. Ọmọ náà na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi, ó tẹ bọ́tìnnì transpose lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sọ sí mi létí pé, "Ẹ máa gun tiyín lọ, sà. Ó ti bọ́ sí i."

Mo gùn ún. Mo sọ̀. Àwọn ìyá dìde, wọ́n ń jó. Mo tún gùn ún. Níbi tí àtàǹpàkò mi ti ń yọ́ kọjá lábẹ́ ìka àárín ni NEPA mú iná lọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó ṣàárò mi.

Ilé la wà kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ ọ o, Àkànní. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fi ń kígbe ẹ̀kọ nínú ilé Ọlọ́run?"