Ká Tó Dé Etíkàn, Ó Di Ọ̀rẹ̀

Wọ́n tún ti gbé títì etíkun náà jáde nínú ìròyìn. Títì tí yóò ti Èkó dé Kàlàbá, 700 kìlómítà, kọnkéré gbọingbọin. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, kìlómítà 47, ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ààrẹ Tinubu ṣí kìlómítà 30 níbẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn àgbààgbà sì yí fìlà. Kò burú. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìlàjẹ kan béèrè ìbéèrè ọmọdé: bí Jímọ̀ bá pé, tí mo fẹ́ lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Etíkàn létí òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí n sì ti dé Èkó padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ni kí n wọ̀?

Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ẹ fi ìka lé Lẹ́kí, kí ẹ máa wọ́ ọ lọ síhà ìlà-oòrùn létí òkun. Ìka yín á kọjá Òde-Omi tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi wọ Etíkàn. Iyanrìn kan náà, òkun kan náà. Ẹja tó jí ní Lẹ́kí lè lọ jẹun ọ̀sán ní Etíkàn kó sì padà wálé sùn.

Ọmọ ènìyàn ńkọ́? Yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí òkun ná. Á wọ mọ́tò ní Ọ̀jọ́ta, á gba Ṣàgámù, á kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, á forí lé inú igbó, ó di Ọ̀rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ rà ní Ọ̀rẹ̀? Kò sí. Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? N ò mọ ẹnì kankan. Àwọn tó ń pariwo pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, lọ́dún 1967, ogun abẹ́lé ló gbé wọn débẹ̀. Èmi, àtikí ẹ̀gbọ́n ni. Ọ̀rẹ̀ yìí ni dẹ́rẹ́bà á ti wá rántí pé etí òkun là ń lọ, á yí imú mọ́tò sí gúúsù, Òkìtìpupa, Igbókòdá. Ní Igbókòdá, a bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ibi tí àpárá wà gan-an nìyí. Awakọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ gbé imú sókè, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Èkó ló kọjú sí o! Mo fi àárọ̀ sá fún Èkó, mo wá ń fi ìrọ̀lẹ́ sáré tọ̀ ọ́ padà, mo sì sanwó àlọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí epo bá pọ̀ lẹ́ńjìnnì tí oorun sì gbé awakọ̀ lọ, Ẹ̀pẹ́ la máa jí sí.

Ẹ ní kí n kúkú ti Ẹ̀pẹ́ wọkọ̀? Ó yá, ẹ jẹ́ ká ti Ẹ̀pẹ́ wọkọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní yóò gba ẹ̀mí mi là, okùn kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀, fóòmù ti yọ lábíyá, òórùn ẹja gbígbẹ sì gbà á kan. Níbi tí koríko ojú omi bá ti dí ọ̀nà, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé ìdí rẹ̀ sókè, á yọ àdá, á máa gé koríko kúrò lára àjẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́, a ó sì máa fì síbẹ̀. Ìyá kan á ní, “Ọmọ mi, rọra o, má gé ọwọ́.” Ẹ̀fọn ò ní rọra ní tiẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n wọ bàálù. Bàálù ń lọ Àkúrẹ́ lóòótọ́. Ìyẹn ni pé kí n sanwó ńlá kí wọ́n gbé mi jìnnà sí ibi tí mò ń lọ.

Ọ̀nà kan ò wọjà, wọ́n ní. Ti Etíkàn yàtọ̀: gbogbo ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń kúrò lọ́jà ná.

Ẹ má sọ fún mi pé títì ń bọ̀. Apá kejì rẹ̀, láti Eléko, Òde-Omi ló fẹnu gúnlẹ̀ sí, ẹnu ààlà wa gẹ́lẹ́. Ọ̀nà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, Mínísítà Umahi ti ń ṣírò owó ibodè. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ gáàsì fẹ́ sọ Olókólá létíkun wa di ìlú ńlá. Shell kó ẹrù rẹ̀, Chevron kó tirẹ̀, igbó ló kù. Gómìnà Aiyedatiwa, ọmọ Obe-Nla ni, ọmọ omi bíi tiwa, ẹnikẹ́ni ò ní láti júwe omi fún un. Epo rọ̀bì tó ń ti ilẹ̀ Ìlàjẹ jáde ń gba ọ̀nà tó yá lọ sí òkè òkun, aboyún tó ń rọbí lóru ní Etíkàn ló ń wá ọkọ̀. Ìwà ìkà ni. Mi ò fi ṣàwàdà.

Bítúmẹ́nì sì rèé ní Agbábù, lẹ́bàá Ọ̀rẹ̀ kan náà tí wọ́n ń fi ipá mú mi kí. Láti 1908 ni òyìnbó ti ń gbẹ́lẹ̀ wá a. Orí ọ̀dà la sùn lé. Nígbà tí wọ́n máa wá ṣe títì, wọ́n ní sìmẹ́ńtì làwọn fẹ́.

Bí ọ̀nà bá ti rí báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìpè òkú ní Etíkàn, ẹ yé kọ “aago mẹ́wàá géérégé” síbẹ̀, ẹ̀yin gan-an kì í tíì wẹ̀ láago mẹ́wàá. Aṣọ ẹbí ìsìnkú tí mo ti sanwó rẹ̀ láti oṣù tó kọjá ńkọ́?