Kí Ló Wà Lábẹ́ Ọ̀dà?

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Àkókó tí í sọ igi, ó dá lórí Agẹmọ aláwọ̀ púpọ̀, ó wá ré bọ́ sórí ọkọ̀ kan tí kò lẹ́nu ṣùgbọ́n tó tú àṣírí ọlọ́kọ̀.

Ní ayé ìgbà tí àwọn ẹranko ń wa ọkọ̀ bí ènìyàn, ẹ̀yìn Ìjàpá ń dán bí igbá tuntun. Kò sí ìlà lórí rẹ̀, kò sí àpá. Lọ́jọ́ kan ó ń kọjá ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó, ló bá gbọ́ tí àwọn ọmọ kéékèèké ń nàka sí Volkswagen àtijọ́ kan: "Ẹ wo ọkọ̀ ìjàpá!" Orí rẹ̀ wú. Ó lọ bá Ayékòótọ́, nítorí Ayékòótọ́ ti gbé ilé ọ̀mọ̀wé rí, kò sì sí ohun tí wọ́n kà sókè níbẹ̀ tí kò há sí i lórí.

Ayékòótọ́ ní, "Òótọ́ ni, bàbá, orúkọ yín ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà tí ẹ gbà wá yẹn. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní Jámánì. Ferry, ọmọ rẹ̀, wá mú nínú ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà, ó fi ṣe ọkọ̀ asáré ní Gmünd, ní ilẹ̀ Austria, lọ́dún 1948. Nígbà tó di 1963, wọ́n gbé àbúrò ìyẹn jáde ní Frankfurt. 901 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, Peugeot ní àwọn ló ni nọ́ńbà tí òdo bá wà láàárín rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di 911. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà bíi ti ọkọ̀ ìjàpá, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú nígbà náà."

Ìjàpá fò sókè. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹbí mi ń sáré kiri Jámánì, èmi ń wọ́ nílẹ̀ níbí!"

Ọ̀kan nínú 911 yìí wà lẹ́yìnkùlé Erin, ti ọdún 1971. Ìgbà tí owó ń pa Erin bí ọtí ló rà á, àmọ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti wà lábẹ́ igi òrombó, tí adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Òun náà pọ́n bí òrombó nígbà kan rí, oòrùn ti wá pa á lójú. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Erin, ó ná an, ó bẹ̀ ẹ́, ó rà á ní ọ̀kẹ́ owó 5.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta sí i, Ọba Kìnnìún kéde pé ìwọ́de ọkọ̀ àtijọ́ ń bọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rẹwà jù lọ ni yóò jẹ oyè Aṣíwájú Ọlọ́kọ̀. Ìjàpá ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Àkókó, panẹli-bítà, ẹni tí òun àti Agẹmọ tí í kun ọ̀dà jọ ń ṣiṣẹ́.

Àkókó kò bojú wo ọ̀dà rárá. Ó dẹ etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu sọ ọkọ̀ láti ibì kan dé ibì kejì. Lórí òrùlé, ó dún kó-kó-kó bí agogo. Nígbà tó dé iwájú, lọ́tùn-ún lósì, níbi tí bátìrì méjèèjì máa ń jókòó sí, ó dún pù-pù. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, pù-pù. Ó rọra tẹ ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọlé, ìpẹtà dà sílẹ̀ bí èlùbọ́.

Ni Àkókó bá dá orin, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbè é. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbè é:

*Ìjàpá, kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà?*
Kóńkó, kóńkó!
*Bó bá ṣe irin, yóò dún bí agogo,*
Kóńkó, kóńkó!
*Bó bá ti jẹrà, yóò dún bí àgbá òfìfo,*
Kóńkó, kóńkó!
*Ojú lo rí, o ò rí egungun,*
Kóńkó, kóńkó!
*Òjò ń ṣú bọ̀ lókè o,*
Kóńkó, kóńkó, kóó!

Àkókó nu ẹnu rẹ̀. "Ọ̀gá, ásíìdì bátìrì ló jẹ iwájú yìí, omi òjò ló jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ 1976 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tí a fi sinkì bò ṣe bọ́dì rẹ̀. Tiyín yìí, ọ̀dà nìkan ló dúró láàárín òun àti òjò. Ọ̀kẹ́ 20 ni."

"Ọ̀kẹ́ mélòó? Mo ra ọkọ̀ látòkè délẹ̀ ní 5! Èló ni ọ̀dà inú agolo?"

"Ọ̀dà, ọ̀kẹ́ 3."

"Ẹ gba 3, ẹ kun ún!"

Àkókó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù fún yín. Ká tú gíláàsì, rọ́bà, bọ́ńpà àti iná, ká sì tò wọ́n padà láìfọ́, ọ̀kẹ́ 4. Ká bó ọ̀dà àtijọ́ dé irin, ọ̀kẹ́ 4. Ọwọ́ la ó fi bó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí bí a bá fi afẹ́fẹ́ fọ́n yanrìn lu irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìṣọ́ra, yóò ká bí ewé tí iná rà. Ká gé ibi tó ti jẹrà, ká jó irin tuntun mọ́ ọn, ọ̀kẹ́ 5. Ká fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi tẹ́jú, ọ̀kẹ́ 3. Ká dán an, ọ̀kẹ́ 1. Ẹ ṣírò ó. Ọ̀dà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀dà, dídán nìkan ló jù lọ."

Ìjàpá ní, "Ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ ilé fún yín?" Ó ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lábẹ́ igi máńgòrò níkoríta, Ọ̀bọ gbé pátákó kan kọ́: ÀÁRỌ̀ GBÉ E WÁ, ÌRỌ̀LẸ́ GBÉ E LỌ. Ọ̀kẹ́ 2 péré ló gbà.

"Ìpẹtà ibí yìí ńkọ́?" Ìjàpá béèrè.

"Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Fíìlà wà."

"Fìlà? Ọkọ̀ náà ń dé fìlà?"

"Fíìlà, ọ̀gá mi. Àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń bo orí pípá."

Ọ̀bọ ká ìwé ìròyìn àtijọ́ rúmúrúmú, ó kì í bọ inú ihò tí ìpẹtà ti jẹ. Ó po fíìlà bí ẹni po ọ̀gì, ó rẹ́ ẹ lé ìwé ìròyìn lórí, ó fi sáńpépà pa á lẹ́ẹ̀mejì. Kò tú rọ́bà, kò tú bọ́ńpà. Ó gbé ọ̀dà, ó fọ́n ọn lu gbogbo rẹ̀, irin, rọ́bà àti etí gíláàsì. Eṣinṣin kan bà lé ìdérí iwájú, kò lè fò mọ́. Ọ̀dà gan mọ́ ọn lórí, ó di ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀. Láti òkèèrè, ọkọ̀ náà ń tàn bí òrombó tí wọ́n fi òróró pa.

Fíìlà ṣẹ́kù, ọ̀dà ṣẹ́kù. Ojú Ìjàpá kò kúrò lára wọn. "Ọ̀bọ, ṣé owó mi ló máa ṣòfò báyẹn? Rẹ́ ẹ lé mi lẹ́yìn, kí o sì kùn mí, kí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè jọra lọ́jọ́ ìwọ́de." Ọ̀bọ rẹ́ ẹ, ó kùn ún.

Yánníbo rí wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. "Baálé mi, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n gbé oúnjẹ fún?"

Òjò rọ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ ìwọ́de. Nígbà tílẹ̀ mọ́, oòrùn mú ganrínganrín. Gbogbo ìlú pé jọ. Àgbọ̀nrín gbé Jaguar E-Type rẹ̀ wá, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní Geneva lọ́dún 1961. Imú ọkọ̀ náà gùn débi pé ó ti wọ pápá tipẹ́ kí Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ tó dé. Àmọ́ nígbà tí Ìjàpá dé, òun àti ọkọ̀, àwọ̀ kan náà, ariwo sọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni adájọ́. Òòfà kékeré kan ló mú lọ́wọ́, tó fi aṣọ wé kó má baà họ ọ̀dà. Ó fi kan òrùlé ọkọ̀ Ìjàpá, òòfà lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí. Ó fi kan abẹ́ ilẹ̀kùn, òòfà jábọ́. Ó fi kan iwájú, òòfà jábọ́.

"Ìjàpá, òòfà mi ò rí irin fà níbí o."

Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, ọkọ̀ olówó kì í lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni."

Kìnnìún fẹ́ fèsì ni òórùn ọ̀dà tútù wọ̀ ọ́ nímú, ó sín: "Hàṣìn!" Ọkọ̀ gbọ̀n. Fíìlà tó ti mumi lóru tó tún yá oòrùn láàárọ̀ là pẹrẹpẹrẹ, ó já lulẹ̀ gbàà, ìwé ìròyìn sì tú jáde bí ìfun. Ayékòótọ́ gbé ọ̀kan, ó kà á sókè fún gbogbo ìlú: iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rù ba Ìjàpá, ó sún kì. Kẹ́rẹ́rẹ́! Fíìlà ẹ̀yìn òun náà là yánnayànna.

Ni gbogbo ìlú bá gbé orin Àkókó:

*Ìjàpá, kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà?*
Kóńkó, kóńkó!
*Ìwé ìròyìn ló wà lábẹ́ ọ̀dà,*
Kóńkó, kóńkó!
*Òòfà dé, kò rí irin fà,*
Kóńkó, kóńkó!
*Ọba sín, fíìlà jábọ́ o,*
Kóńkó, kóńkó, kóó!

Ìjàpá fa Ọ̀bọ lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀bọ ní, "Kábíyèsí, ọ̀dà ló ní kí n kùn, mo sì kùn ún. Ṣé ó bá mi sọ̀rọ̀ irin?" Ẹjọ́ parí síbẹ̀.

Ojú ti Ìjàpá, ó padà sọ́dọ̀ Àkókó. Àkókó tún sọ ọkọ̀ kó-kó, pù-pù. "Ọ̀kẹ́ 24."

"Ọ̀kẹ́ 20 lẹ pè é!"

"Ká kọ́kọ́ họ iṣẹ́ Ọ̀bọ kúrò, ọ̀kẹ́ 4."

Ayékòótọ́ tó bà lé òrùlé dá sí i: "Bàbá, ẹ dúpẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní kí wọ́n bó irú ọkọ̀ yìí dé irin, kí wọ́n sì kùn ún bó ṣe yẹ, owó rẹ̀ lè lé ní 10,000 dọ́là kó tó wà á jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ló jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀." Ìjàpá ṣírò lọ́kàn ara rẹ̀: 2 tó fún Ọ̀bọ, 24 yìí, ó di 26. Ẹni tó fẹ́ yọ nínú 20 ló fi 6 lé e.

Oṣù méje gbáko ni iṣẹ́ náà gbà. Àkókó gé, ó jó, ó lù. Agẹmọ wo àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọ̀dà sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó po àwọ̀ tí ọkọ̀ náà fi wáyé. Ó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, ó rọra fọ́n dúdú díẹ̀ lé e lórí bí ìrì, ó wá fi sáńpépà tó wé mọ́ pákó gígùn họ ọ́. Ibi tó bá ga, dúdú á ṣí kúrò. Ibi tó bá kò, dúdú á dúró síbẹ̀. Agẹmọ a kùn, a họ, a tún kùn: sáńpépà 80, 180, 320, 600. Ìjàpá á wá láàárọ̀, á ní kò sí ohun tí wọ́n ṣe látàná. Agẹmọ á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á rò ó wò, á gbé e kalẹ̀, á ní, "Ohun tí mo ṣe lánàá ni ẹ ò rí yẹn." Nígbà tó ku kí ó fọ́n ọ̀dà gan-an, ó dé ìbòjú tí ọpọ́n afẹ́fẹ́ ti ìta wọnú rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè gan, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bá jà. Nígbà tó gbẹ, ó fi sáńpépà 1500 àti 2000 pẹ̀lú omi pa á, ó dán an. Ìjàpá wò ó, ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún rí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá Àkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bó tèmi náà."

Àkókó sọ ọ́ lẹ́yìn, kó-kó. "Fíìlà yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Bí mo bá bó o, ìwọ náà á bá a lọ."

Ìjàpá ti ta oko, ó ti ta ìlẹ̀kẹ̀ Yánníbo, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ 19 ló rí san. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ṣèlérí láti san ìyókù láàárín ọjà márùn-ún, ó gbé ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè wà á. Bí òjò bá ṣú, ó ní ọ̀dà òun. Bí oòrùn bá mú, ó ní ọ̀dà òun. Bí òkúta bá wà lójú ọ̀nà, ó ní ọ̀kẹ́ 26 òun. Ó wó ògiri, ó gbé ọkọ̀ wọ yàrá, òun àti Yánníbo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má bi mí pé báwo ni ọkọ̀ náà ṣe wà lónìí. Ó ń dán. Adìẹ ti tún ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá dá owó lé iṣẹ́, ẹ má bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta agolo ọ̀dà. Ẹ bi í léèrè ohun tó gbọ́ nígbà tó sọ ọ́ kó-kó.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti là yánnayànna bí fíìlà tó ń dúró de sáńpépà. Láti ọjọ́ náà ni Àkókó ti ń sọ igi kiri inú igbó, tó ń wá ọ̀kẹ́ 5 rẹ̀ tó kù. Bí Ìjàpá bá sì ti gbọ́ kó-kó, níbikíbi tó bá wà, á fa orí wọlé.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kó! Kó! Kó!

Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Ó ti fa orí wọlé.