Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ìdá Mẹ́ta Nínú Mẹ́rin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èmi nìkan ni wọ́n bí kó máa jẹ irú ìyà yìí ni? Yàrá méjì péré ni mo fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ilé, mi ò ní mo fẹ́ kọ́ ààfin, àfi ìgbà tí gbogbo ayé ṣèpàdé lé mi lórí!

Oníbúlọ́ọ̀kù méjì ló wà ládùúgbò wa. Mo bi èkíní pé báwo ló ṣe ń po tirẹ̀, ó ní ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì sí bárò yanrìn méjì àbọ̀. Ó dáa. Mo sọdá títì lọ bá èkejì, ọ̀gbẹ́ni yẹn gbáyà, ó ní, "Bàbá, àwa kì í ṣe onídajì o. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò là ń dà sí i!" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó kan yanrìn, ó ní bárò mẹ́rin àbọ̀ ni. Ogún náírà ló fi lé e lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé sìmẹ́ǹtì tòun pọ̀.

Pọ̀ níbo? 50 kg ni àpò sìmẹ́ǹtì, ibi yòówù kéèyàn ti rà á. Ẹni tó da ìdajì sí bárò méjì àbọ̀, bó bá da odidi àpò, bárò márùn-ún ni. Èkejì ńkọ́? Ẹ pín bárò mẹ́rin àbọ̀ sọ́nà mẹ́ta, bárò kan àbọ̀ ló kan ìdámẹ́rin àpò. Ìdámẹ́rin mẹ́rin ló sì ń di odidi, bárò kan àbọ̀ lọ́nà mẹ́rin, ó di mẹ́fà. Mẹ́fà, ẹ̀yin ará! Odidi bárò yanrìn kan ló fi jù ú lọ, tó tún ní kí n fowó lé e!

Mo délé, mo ní kí n ṣàlàyé. Bíríkìlà fọwọ́ lérán, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ju ìdajì lọ ni?" Mo ní ó jù ú lọ, ṣùgbọ́n yanrìn ńkọ́? Ó ní ta ló bi wá ní ti yanrìn. Mo ní Àjọ SON ní ìlànà fún búlọ́ọ̀kù, NIS 87 ni wọ́n ń pè é, ó ní ṣé SON ló máa bá mi gbé e lórí àkàbà. Ìyá Ìbejì ní ilé ẹ̀gbọ́n òun, ọ̀dọ̀ èkejì yẹn ni wọ́n ti ra búlọ́ọ̀kù, kò sì tíì wó. Kò tíì wó! Ṣé ohun tí wọ́n fi ń yan búlọ́ọ̀kù nìyẹn?

Bí wọ́n ṣe fi ìbò borí mi nínú ilé mi nìyẹn o. Mo ní ó kéré tán, kí n lọ dúró ti àwọn ọmọṣẹ́ oníbúlọ́ọ̀kù kejì yẹn nígbà tí wọ́n bá ń po tiwa. Ẹ wò ó, ọmọkùnrin tó mú ṣọ́bìrì ń da yanrìn sí bárò, ó kún dé etí, mo rò pé ó tán, ó tún dà á, ó fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a mọ́lẹ̀, ó tún dà á, títí mi ò fi rí ojú rẹ̀ mọ́ lódìkejì, ó ní bárò kan nìyẹn o! Ìgbà tó wá kan sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ dá sí mẹ́rin, ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ojú lásán, wọ́n fi ṣọ́bìrì la àpò láàárín, èyí tó dà nù kún bàtà mi, wọ́n sì kà á mọ́ ìdá mẹ́ta tí mo sanwó fún! Mo fi kọ́kọ́rọ́ ha igun búlọ́ọ̀kù kan tó ti gbẹ, ó ń dà ṣuuru. Ọ̀gá wọn ní, "Bàbá, ẹ má hà á mọ́ o, ẹ ó bà á jẹ́."

Pẹ́ńtì ló kù báyìí. Péńtà kan ní lítà omi kan àbọ̀ lòun ń bù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta rọ́bà pẹ́ńtì, ìkejì ní lítà kan sí ìdajì rọ́bà, àwọn ará ilé sì ti ń pariwo èyí tí wọ́n fẹ́. Ẹ gba bírò yìí, ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣe é, ọwọ́ ti ń ro mí!