Akíntọ́lá Takú sí Enugu

Ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ kì í san owó ilé, mo kí yín o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ní Enugu níbí á pupa fòò, á gbẹ, èèyàn á rò pé ẹ ti kó lọ. Jẹ́ kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ẹ ti dé. Ẹ ti gba ẹ̀yìnkùlé, ẹ ti gba gọ́tà, ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ ti nawọ́ mú okùn tí ìyá onílé ń sá aṣọ sí. Ní Sátidé kan, ó ní kí n bá òun wá lébìrà tó máa ṣán gbogbo pàǹtírí yẹn. Mo ní, "Mama, pàǹtírí kọ́, ẹbí ni wọ́n." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun fi díẹ̀ kún owó ilé mi.

Òótọ́ ni mo sọ. Àwọn onímọ̀ ewéko ti pín yín sí ẹbí-ẹbí, òdòdó àti èso ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń mọ ẹni tó bá ẹni tan, wọn kì í wo ìwà. Ọpẹ́ ni, torí bó bá jẹ́ ìwà ni, àwọn kan nínú yín ì bá má lẹ́bí. Bá a bá sì ní ká tú ìwé ilé wò, ta ló yá ilé lọ́wọ́ ta? Èédú tí àwọn òyìnbó rí níbí ní 1909, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà ní 1915, tó sọ orí òkè yìí di ìlú, igi àti ewé ayé àtijọ́ tí ilẹ̀ gbé mì ni. Àwọn baba ńlá yín ló ni Enugu. N kò sọ ìyẹn létí ìyá onílé o.

Akíntọ́lá, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ṣeré. Jókòó. Ṣé mo ní o kì í jókòó! Chromolaena odorata ni orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bí ọ sí. Ta ló fún ọ ní físà? Ní nǹkan bí 1937, wọ́n ń kó irúgbìn igi mẹ́línà bọ̀ láti Ceylon, èyí tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, o sì sá pamọ́ sáàárín irúgbìn ọmọlúàbí bí ẹni tó wọkọ̀ tí kò sanwó. Nígbà tó fi máa di 1942, wọ́n ti rí ọ nínú igbó ọba lẹ́bàá Enugu. Enugu o, kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́! Ibí ni àdírẹ́sì rẹ àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí, débi pé àwọn ìwé kan pè ọ́ ní èpò oko Enugu. Báwo lo wá ṣe di ọmọ Yorùbá?

Àwa la fà á. Ní 1962, ẹgbẹ́ òṣèlú Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní kó gbé ipò Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó ní òun ò lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa wo baba lókè, wọ́n wo èpò nílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣán lọ́jọ́ Ajé tó ń kí wọn káàárọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ni wọ́n bá ní, "Akíntọ́lá takú." Ẹlẹ́fẹ̀ paraku ni baba náà fúnra rẹ̀, mo sì gbà pé bó gbọ́ ọ, á ti rí ohun tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fi dá wọn lóhùn. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn kan ní Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ tó ní kó lọ, lorúkọ rẹ. Ẹ gbọ́ mi! Gbogbo ọba, gbogbo àgbà, gbogbo ẹni tó mọ àrọwà ní ilẹ̀ Yorùbá ló làjà láàárín àwọn baba méjèèjì tí kò yanjú, àfi lórí ewé yìí nìkan ni wọ́n ti ń gbé pọ̀.

O kò sì dúró síbẹ̀. Àwọn kan ní Independence ni ọ́, ìwọ tó o ti gba òmìnira tìrẹ láti 1942. O dé Gánà, o di Acheampong. O dé Ivory Coast, o di Sékou Touré, orúkọ olórí orílẹ̀-èdè sì ni méjèèjì. Mo ti rí olóṣèlú tó fò láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá tí kò san owó fọ́ọ̀mù.

Ẹbí tó bí ọ nìyí: Asteraceae. Irú ọmọ lóríṣiríṣi inú ẹbí náà lé ní 23,000, èrú sì ni wọ́n fi ń ṣayé. Ẹ wo jogbo, èyí tó ń tan yòò bí wúrà lẹ́bàá ọ̀nà bẹ́ ẹ bá ń gun Milken Hill. Òdòdó kan ṣoṣo lẹ rò pé ẹ rí, àbí? Irọ́. Òdòdó kéékèèké rẹpẹtẹ ló rún ara wọn pọ̀ sójú kan, bíi bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ "èrò 14" sí lára tí ẹni mẹ́rìnlélógún ń bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Inú ẹbí yìí ni imí-eṣú wà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bú tó, kí n má fi tèmi kún un. Ibẹ̀ ni yúnyun wà. Ibẹ̀ náà ni ewúro wà, tí wọ́n ń pè ní onugbu níbí. Ewúro, má gbé ojú sápá kan. Ẹ̀gbọ́n lo jẹ́ fún Akíntọ́lá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fi omi bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fọ̀ ọ́ ní Enugu kí ọbẹ̀ tó ṣeé jẹ, ìwà ẹbí yín ni wọ́n ń fọ̀.

Ẹ̀fẹ̀ yìí wá kàn mí nígbà tó kan wọ̀rọ̀wọ́, ọmọ ẹbí kan náà. Mo lọ sí ọjà Ogbete, mò ń fi ọwọ́ júwe fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan, mò ń fọ́nnu pé ẹ̀fọ́ kan wà nílé wa, ti Yorùbá pọ́ńbélé, tí wọn ò lè mọ̀. Mo délé, mo ṣí ìwé. Solanecio biafrae! Ó fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní 1877 ni àwọn òyìnbó ti fi orúkọ etíkun Biafra sọ wọ̀rọ̀wọ́, ìyẹn àádọ́rùn-ún ọdún gééré kí ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Gbogbo ìgbà tí ogun fi ń lọ lọ́wọ́, àwọn ìyá wa ní Èkìtì àti Oǹdó ń fi ìgbín se é, wọ́n ń gbé e fún ọkọ wọn pẹ̀lú iyán, ọkọ ń lá ọwọ́. Kò sí ṣọ́jà kankan tó yẹ ìkòkò wò.

Mo fẹ́ fi ẹbí ẹ̀wà sílẹ̀ torí wọ́n ń bọ́ mi. Okpa gbígbóná tí mò ń rà ní Ninth Mile, ọmọ Fabaceae ni. Ṣùgbọ́n ẹbí tó bí ẹ̀wà ló bí patanmọ́, ẹni téèyàn ò tíì fọwọ́ kàn tó ti ń pa ẹsẹ̀ dé, ló sì bí wèrèpè. N kò ní sọ̀rọ̀ wèrèpè láìdáa. Bóyá ó wà nítòsí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ukpo tí wọ́n ń lọ̀ níbí láti fi ki ọbẹ̀, ọmọ ìyá wèrèpè ni, Mucuna ni orúkọ àwọn méjèèjì. Àárín oúnjẹ ni ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi. Ọbẹ̀ náà dùn, mi ò purọ́, àmọ́ láti ìgbà yẹn lẹ́yìn ọrùn ti ń yún mi.

Akòko, ẹ̀yin ni mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀, torí orí olóyè lẹ máa ń gùn. Ẹ dákun, kí lẹ wá ń ṣe níbí? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá fi ewé yín sí lórí ti di ẹni ńlá, onílù ti gbà á lẹ́nu wa. Ní Enugu, ogirisi lorúkọ yín, ẹ dúró lójú ààlà láàárín ilé méjì bíi gétìmáànù. Mo rí yín lẹ́yìn ilé aládùúgbò mi, ọkàn mi fà sí ilé, mo já ewé kan. Baba náà yọ fìrì lójú fèrèsé, ó ní ta ló ń yí ààlà òun? Mo ní, "Sà, mi ò yí ààlà, oyè ni mò ń jẹ." Ó ní kí n lọ jẹ oyè mi nínú ọgbà tèmi. Ẹ wò mí, ẹ̀yin akòko, ẹ ò sọ nǹkan kan. Pandoro, ẹbí yín nínú Bignoniaceae, tó ń so èso gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ tí a kì í jẹ, ì bá tiẹ̀ ti gbèjà mi.

Ṣé ẹ rò pé àwa èèyàn nìkan ni àyẹ̀wò DNA ń tú ilé wa ká? Wọ́n ti ṣe é fún yín. Ẹbí tí utazi, ewé ọbẹ̀ níbí, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́, wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ Apocynaceae. Ukazi, ewé ọbẹ̀ mìíràn, tiẹ̀ burú jù: kì í ṣe ẹbí utazi rárá, kò tilẹ̀ ń yọ òdòdó, páìnì ló bá tan. Àwọn ọ̀dọ́ á gun òkè lọ sínú igbó páìnì Ngwo, wọ́n á ya fọ́tò bí ẹni tó wà ní Yúróòpù, ebi á wá pa wọ́n, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá fi gàrí jẹ mọ̀lẹ́bí páìnì. Mẹ́línà, igi tí Akíntọ́lá fara pamọ́ sáàárín irúgbìn rẹ̀, ẹbí Verbenaceae ló ń ná lójú ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àyẹ̀wò dé, wọ́n ní ọmọ Lamiaceae ni, àbúrò efinrin. Efinrin ò tíì sọ̀rọ̀.

Lébìrà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ṣán gbogbo yín balẹ̀ kí oòrùn tó mú, àdá wá yọ́ bù ú lórí ìka. Mo sáré wọlé lọ wá plaster. Kí n tó jáde, ó ti já ewé kan nínú òkìtì tó ṣán, ó ti fún omi rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mo wo ewé náà. Akíntọ́lá ni. Ẹni tí wọ́n ṣá ló ń tọ́jú ẹni tó ṣá a.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kọjá. Láàárọ̀ yìí, Akíntọ́lá, ọwọ́ rẹ ti tún kan okùn aṣọ. Ìyá onílé ní kí n pe lébìrà padà, kí n má sọ̀rọ̀ ẹbí kankan sí òun, kí n ṣáà mú owó tèmi wá.