Àgbàlagbà Tó Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Wẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn baálé ilé kan ń ṣe lóru ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù? Ká ní àlè ni wọ́n ń yàn, ẹnu ì bá gbà á sọ. Géèmù ni o! Géèmù ìbọn, èyí tí o ò ní rí nǹkan kan lára ara rẹ ju ọwọ́ tó di ìbọn mú lọ. Èyí tó tini lójú jù ni pé àwọn tó lówó ra kọ̀ǹpútà tó lè fi irun imú èèyàn hàn kedere ni wọ́n ń náwó gidi lórí géèmù tó rí wúruwùru bíi ti 1996. Kì í ṣe àlòkù o. Tuntun ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á lójú jẹ́ ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí àgbà fúnra rẹ̀ ló wọ́ yìí!

Ìdílé burúkú ló ti wá, ká má tan ara wa. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá 1993, aṣòfin àgbà Joe Lieberman àti Herb Kohl jókòó ní Washington, wọ́n ń ké pé géèmù oníwà ipá ń ba ọmọ jẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ilé iṣẹ́ kan ní Texas, id Software, tú géèmù ìbọn Doom sílẹ̀. Àìnítìjú! Wọ́n tún fi apá kìíní rẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Jámánì kà á mọ́ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ tà fọ́mọdé ní 1994. Ó di 2011 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ó ti darúgbó. Wọn ò mọ̀ pé yóò ṣì bímọ.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ náà. Dusk rèé, tí David Szymanski gbé jáde ní 2018. Yàrá abẹ́ ilé lo ti máa bá ara rẹ, àwọn ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ ìlagẹdú á ya bò ọ́, dòjé méjì péré lo fi máa gbara rẹ sílẹ̀. Ọṣẹ tún wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ! Bó o bá jù ú lu ọ̀tá, bó ti wù kó sigbọnlẹ̀ tó, ó kú fin-ín-fin-ín nìyẹn. Ultrakill, tí ọmọ Finland kan ti ń tà láti 2020, tiẹ̀ tún burú jùyẹn. Ẹ̀rọ ni ẹ́, ọ̀run àpáàdì lò ń lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ni epo rẹ. Bó o bá fara gbọgbẹ́, o ò gbọdọ̀ sá pamọ́. Àfi kó o sún mọ́ ẹni tó ò ń yìnbọn fún, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí ọ lára, kí egbò rẹ jiná. Wọ́n sì ń fún èèyàn ní máàkì bó bá fi oge pa ọ̀tá!

Mo ti gbọ́ àwáwí wọn. Wọ́n ní àárò ìgbà èwe ló ń sọ àwọn. Irọ́! Àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí Doom jáde kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Doom ò lè yí àwòrán ju márùndínlógójì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tuntun yìí ń yọ̀ bí ẹja. Ojú arúgbó ni wọ́n fi bo ara ọmọge.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń gbé wọn lọ síbẹ̀. Géèmù ayé òde òní ń yọ wọ́n lẹ́nu: fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, dúró kí ara rẹ yá, gbọ́ ìtàn kó o tó rìn, ṣe iṣẹ́ tòní, ra aṣọ tuntun fún ọmọ ogun rẹ. Ní tàwọn wọ̀nyí, wọ́n á sanwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sáré bí ẹni tí oyin ń lé, wọ́n á gbé gbogbo ìbọn dání lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn pupa ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ pupa, ó parí. Kò sẹ́ni tí ń rán wọn níṣẹ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan: ọkùnrin tí ọ̀gá ń pè níbi iṣẹ́, tí ìyàwó ń pè nílé, ọ̀run àpáàdì ló wá ń sá lọ sinmi!

Torí náà, ìyálé ilé tó bá gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń kùn láago méjì òru pé òun ń wá kọ́kọ́rọ́ pupa, kó má wulẹ̀ dìde bá a wá a. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé.