Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi Olówó-Sẹ́fà, Tó Fẹ́ Fi Yanrìn Èjìgbò Ṣe Sólà

Ọkọ mi Olówó-Sẹ́fà,

Ẹ kú ọjà Treichville, ẹ kú òòrùn Abidjan, ẹ kú owó. Ìyàwó yín tó ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì ló ń kí yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè pe orúkọ tí ìyá yín sọ yín. Àmọ́ kò sí èèwọ̀ tó ní kí ìyàwó ilé má fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bí ọkọ náà bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú yẹ̀yẹ́. Mo sì kọ lẹ́tà yìí ní gbangba kí gbogbo agboolé lè bá wa dá sí i.

Wọ́n ní ẹ ti fojú sí ilẹ̀ kan lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pé ilé iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà ló ń bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ kò ní ra ohunkóhun lọ́wọ́ Ṣáínà, torí pé yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe sólà, ta ni kò sì ní yanrìn? Ha! Ọkọ mi, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ìlú yìí ì bá ti di olówó ayé.

Òótọ́ ni pé sílíkọ́nì wà nínú yanrìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rí létí odò kọ́. Òkúta kúọ́ọ̀tì tó mọ́ ni wọ́n ń wà, wọn a dà á pọ̀ mọ́ èédú, wọn a kó o sínú ìléru tó ń lo iná mànàmáná, tí ooru rẹ̀ ń lọ sí bíi 2,000 dígíríì. Ohun tó máa jáde níbẹ̀ á mọ́ tó 98 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọmọ kíláàsì mi bá gba 99, màá ra bísíkíìtì fún un. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sólà, ẹni tó gba 99 ti fìdí rẹmi. Máàkì tí wọ́n ń wá ni 99.9999999, ìgbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń wá máàkì yẹn gan-an ni owó ti ń wọlẹ̀. Wọ́n á sọ sílíkọ́nì di omi kan tó ń jẹ́ trichlorosilane, wọ́n á sè é kí èérí rẹ̀ yà sọ́tọ̀, wọ́n á wá fẹ́ oru rẹ̀ sára ọ̀pá tín-ín-rín tó gbóná tó bíi 1,100 dígíríì. Ọ̀pá yẹn á máa sanra fún ọjọ́ mélòó kan, díẹ̀díẹ̀, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Kílò kan ṣoṣo lè jẹ yúnítì iná tó 50 tàbí 60, kílò kan yẹn sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú pánẹ́ẹ̀lì oní 550 wáàtì. Ẹ̀yin tí ẹ ra 20 yúnítì sí mítà ilé nígbà ọdún, tí ẹ wá ń dúró ti èmi àti áyọ́ọ̀nù mi bíi kọ́sítọ́ọ̀mù! Ẹ wo ọkọ tó fẹ́ bọ́ ìléru.

Ẹ jẹ́ kí a tiẹ̀ ní NẸ́PÀ ti yí padà di ọmọlúàbí. Wọ́n á tún yọ́ sílíkọ́nì náà ní 1,414 dígíríì, wọ́n á ki ẹ̀ka kírísítà kékeré bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fà á sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi di òpó. Ará Poland kan, Jan Czochralski, ló kọ́kọ́ ṣàwárí ọgbọ́n yẹn lọ́dún 1916. Abọ́ tí wọ́n ń yọ́ ọ sí pàápàá ní wàhálà tirẹ̀: kúọ́ọ̀tì tó mọ́ jùlọ tí wọ́n fi ń ṣe é, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Spruce Pine, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ìjì Helene da omi bo ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2024, tí iṣẹ́ dúró, àwọn oníṣòwò káàkiri ayé ni jìnnìjìnnì bò. Ìlú kan ṣoṣo o, kò sì tóbi tó Èjìgbò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi wáyà onídáyámọ́ńdì rẹ́ òpó náà pẹlẹbẹ, tí kò ní nípọn tó ìdámárùn-ún mìlímítà. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì á wọ̀ ọ́ nínú ooru, wọ́n á fi àwọ̀ aró kùn ún kí ìtànṣán má baà ta padà, wọ́n á sì tẹ ìlà fàdákà sí i lójú, kó tó di sẹ́ẹ̀lì. Fàdákà ni mo wí. Ẹ má fi wúrà Iléṣà dá mi lóhùn.

Àjọ IEA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná àti epo káàkiri ayé, ṣe ìṣirò lọ́dún 2022: ní ìpele kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ yìí, ohun tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìpèsè ayé ló wà lọ́wọ́ Ṣáínà. Kì í ṣe torí pé yanrìn wọn dùn. Iná olówó pọ́ọ́kú ni, àti pé ilé iṣẹ́ kan ń bọ́ èkejì.

Bíbọ́ ara ẹni yẹn ni kí ẹ dúró lé. Ẹ rántí Steel Rolling Mill Òṣogbo níbí? Ilé iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀rọ pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n máa rọ di ọ̀pá, ilé iṣẹ́ irin Aladja ní Delta ló ti ń bọ̀. Nígbà tí Aladja kò rí irin fi ránṣẹ́ mọ́, kí ni Òṣogbo fẹ́ rọ? Ilé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn di ẹnu àpò rẹ̀ mú kì í pẹ́ kó tó di ibi tí alángbá ń yá òòrùn.

Nígbà tí Uche Nnaji, tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, sọ lọ́dún 2025 pé ìjọba fẹ́ dáwọ́ kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé dúró, wọ́n ní ẹ jó lórí fóònù. Ẹ sinmi ná. Ilé iṣẹ́ ìjọba NASENI ní Karshi, títò ni wọ́n ń to sẹ́ẹ̀lì pọ̀ di pánẹ́ẹ̀lì. Ilé iṣẹ́ Auxano ní Èkó, títò náà ni. Òkèèrè ni sẹ́ẹ̀lì ti ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ Toyo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sẹ́ẹ̀lì ní Hawassa, Ethiopia, lọ́dún 2025 kò fi yanrìn Hawassa bẹ̀rẹ̀, pẹlẹbẹ tí wọ́n ti rẹ́ ni wọ́n ń gbé wọlé. N kò rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó ra iyán, tó fọwọ́ ara rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lé e, ẹ jẹ́ kó fọ́nnu ọbẹ̀ rẹ̀, ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán, pàápàá. Kó má kàn sọ pé òun ló gbin iṣu.

Títò ni kí ẹ ṣe, ọkọ mi. Ẹ̀rọ tó ń lẹ gíláàsì, ọ̀rá àti sẹ́ẹ̀lì pọ̀ kò gbóná ju bíi 150 dígíríì lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbé e. Àwọn ọmọ Èjìgbò sì ti ń fi bọ́ọ̀sì gba Cotonou, Lomé àti Accra dé Abidjan, ọjà yín ti wà lójú ọ̀nà kí pánẹ́ẹ̀lì tó wà.

Bí yanrìn bá ṣì ń yún yín lọ́wọ́, gíláàsì ni kí ẹ fi ṣe. Òun ló kó ìdá tó pọ̀ jù nínú ìwúwo pánẹ́ẹ̀lì, òun náà ló sì ń fọ́ lọ́nà. Yanrìn funfun Igbókòdá ní Ondo ti gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ náà. Kí ẹ tó lọ gbé e, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ohun tó pa ilé iṣẹ́ Oluwa Glass, kí ẹ sì bá mi kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Ní ti ipò mi nílé iṣẹ́ yín, mo ti yan ara mi: èmi ni màá máa yẹ sẹ́ẹ̀lì wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ẹ má fi náírà bẹ̀ mí.

Èmi ni tiyín,
Ìyàwó yín, Ìyá Kẹ́mísìrì